Afẹ́fẹ́ Ni Ká Kọ́kọ́ Wá: Bí A Ṣe Ń Tún Bultaco Sherpa T Àtijọ́ Ṣe Nílé

Alùpùpù trials kì í ṣe ti eré sísá. Orí àpáta ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, àti inú odò tí òkúta kún, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí gbòǹgbò igi ti yọ síta. Ẹni tó ń gùn ún kì í jókòó. Orí ìtẹ̀sẹ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò sì máa darí ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́ gba àárín okùn méjì tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ibẹ̀ kì í wo bó ṣe yára sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Bí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmì 1 ni. Lẹ́ẹ̀mejì, àmì 2. Bó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì 3. Bí ẹ̀rọ bá kú mọ́ ọn lábẹ́, tàbí tó jáde kúrò láàárín okùn, àmì 5 ni. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá kéré jù ló gbé ipò kìíní.

Ní ilẹ̀ Scotland, lágbègbè Fort William, ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń ṣe irú ìdíje yìí lọ́dọọdún. Àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ gàba níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, Sammy Miller ọmọ Belfast sì ni ọ̀gá lórí Ariel 500cc rẹ̀. Nígbà tí 1964 ń parí lọ, Miller gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bultaco, iléeṣẹ́ tí Francesc Bultó dá sílẹ̀ lẹ́bàá Barcelona ní 1958. Òun àtàwọn ẹlẹ́rọ ibẹ̀ jọ jókòó ti iṣẹ́ náà fún ọjọ́ bíi méjìlá, Sherpa T sì jáde: ó fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 244cc lọ, ó sì lè rọra yí lórí òkúta láìkú. Ní 1965, Miller fi í gba ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Scotland, ohun tí alùpùpù ilẹ̀ òkèèrè kankan kò ṣe rí. Láti 1975 tí ìdíje àgbáyé ti bẹ̀rẹ̀ títí di 1979, Bultaco nìkan ló ń gbà á: Martin Lampkin lẹ́ẹ̀kan, Yrjö Vesterinen lẹ́ẹ̀mẹta léra, Bernie Schreiber lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1983, iléeṣẹ́ náà ti kógbá sílé.

Nítorí náà, Sherpa T èyíkéyìí tí a bá rí lónìí ti lé ní ogójì ọdún. Nínú gáréèjì lẹ́yìn ilé ni wọ́n sábà máa ń wà, tàbí nínú abà oko ní Yorkshire, ní Wales, ní Catalonia. Táyà ti gan, irin ti dípẹtà, èkúté ti kọ́lé sínú àpótí fìlítà. Ẹni tó bá rà á sábà máa ń fẹ́ kó tètè dán. Yóò ha ọ̀dà ara rẹ̀, yóò kun ún ní tuntun, yóò lẹ orúkọ Bultaco mọ́ tánkì, yóò fọ kàbúrétọ̀, yóò tẹ kíìkì, ẹ́ńjìnnì á sì dún. Inú rẹ̀ á dùn. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dédé han gooro láìjẹ́ pé ẹnì kan fúnná sí i, títí písítìnì yóò fi há mọ́ sìlíńdà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Nínú irú ẹ̀rọ yìí, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀tẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé ni kí owó àti sùúrù kọ́kọ́ lọ. Ọ̀dà lè dúró.

Ẹni tó bá ti po ọ́yẹ́lì mọ́ epo rí fún jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” ti mọ irú ẹ́ńjìnnì tí mò ń wí. Kò ní fáàfù. Kò ní ibi tí a ń da ọ́yẹ́lì sí lọ́tọ̀ fún kíráńkì. Epo, ọ́yẹ́lì àti afẹ́fẹ́ máa ń jọ gba inú kàbúrétọ̀ wọ abẹ́ písítìnì, nínú àpótí tí kíráńkì ń yí sí. Bí písítìnì bá ń sọ̀ kalẹ̀, á ti àpòpọ̀ yìí gba ihò ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà lọ sókè, níbi tí púlọ́ọ̀gì yóò ti tanná ràn án. Àpótí ìsàlẹ̀ yìí ní láti pa dé pátápátá, nítorí òun ló ń ṣe iṣẹ́ ẹwìrì fún ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ mìíràn bá yọ́ wọ ibẹ̀, epo inú àpòpọ̀ kò ní tó mọ́, iná á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ọ́yẹ́lì tó yẹ kó bá epo wọlé náà á sì dín kù. Ooru pọ̀ sí i, ọ̀rá dín kù: ohun tó ń pa písítìnì nìyẹn.

Sílì méjì tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan kíráńkì, ló ń ṣọ́ àpótí yìí. Bí alùpùpù bá dúró lójú kan fún ọdún púpọ̀, ètè sílì á gbẹ, á le. Èyí tó wà lápá òòfà iná ló máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Èyí tó wà lápá kílọ́ọ̀ṣì máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa ọ́yẹ́lì kílọ́ọ̀ṣì mu. Èéfín á wá nípọn, ọ́yẹ́lì á sì máa dín kù láìjo sílẹ̀. Alùpùpù trials kì í lè fi àìsàn yìí pamọ́ bí alùpùpù títì ṣe lè fi í pamọ́. Ẹni tó ń sáré lójú títì ti ṣí kàbúrétọ̀ gbayawu, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó ń yọ́ gba ibòmíràn wọlé kò jọ ohun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Nínú trials, ẹnu ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé ní gbogbo ìgbà. Ihò kékeré wá di ńlá.

Kí a tó tú bóòtù kankan, ká wo nọ́ńbà. Bultaco máa ń tẹ nọ́ńbà kan náà sára férémù àti sára ẹ́ńjìnnì. Bí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹnì kan ti pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Èyí kò ní kí a má rà á, ṣùgbọ́n ó yẹ kó hàn nínú iye owó. Nọ́ńbà tó ṣáájú ló ń sọ irú Sherpa tó jẹ́: 10 ni àkọ́kọ́, 49 àti 80 tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Nọ́ńbà yìí ni àwọn tó ń ta sípíà páàtì ní Bìrìtìkó àti Sípéènì yóò kọ́kọ́ béèrè, nítorí ohun tó bá ọ̀kan mu lè má bá èkejì mu. Inú sìlíńdà 250 fẹ̀ tó mìlímítà 72, ti èyí tí wọ́n ń pè ní 350 fẹ̀ tó 83.2, písítìnì àwọn méjèèjì sì ń rìn ní mìlímítà 60. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á rí i pé 326cc ni “350” yẹn.

Títú rẹ̀ kò ní àṣírí. Fi fóònù ya àwòrán gbogbo nǹkan kó tó kúrò níbi tó wà, kí o sì kó bóòtù ibi kọ̀ọ̀kan sínú àpò tirẹ̀ tí a kọ orúkọ sí. Èyí tó bá há, fi òróró tó ń wọnú ìpẹtà ta á, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wá yá a níná. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ ju irin lọ bí iná bá kàn án, ọ̀pọ̀ bóòtù tí sípánà ti bá jà títí ni ooru á tú sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Fìláíwíìlì tó gbé òòfà ní irinṣẹ́ tirẹ̀ tí a fi ń fà á yọ. Kí a má fi òòlù kàn án láé, nítorí ìlù yẹn máa ń kọjá sínú kíráńkì, ó sì lè yẹ̀ ẹ́ kúrò lójú ìlà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tó báyìí láìdún, èrò tèmi ni pé kí a la àpótí kíráńkì sí méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń yí. Àwọn kan máa ń sọ pé sílì nìkan làwọn fẹ́ pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bíárìn tó ti jókòó sínú omi àti ìpẹtà fún ogún ọdún kì í tọ́jọ́. Bó bá sì jẹ, kíráńkì á máa gbọ̀n, sílì tuntun náà á tún yẹ̀. Ojú ibi tí àpótí méjèèjì ti pàdé kò gbọ́dọ̀ rí súkúrúdíráífà. Ìlà kan ṣoṣo tí irin bá fà síbẹ̀ ti di ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ooru ni kí a fi là á, pẹ̀lú òòlù rọ́bà tí a ń fi lù ú díẹ̀díẹ̀ yí ká.

Lẹ́yìn náà, di kọ́ńrọ́ọ̀dù mú kí o fà á sókè sódò. Bó bá mì lọ sápá ọ̀tún àti òsì díẹ̀, kò burú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Bó bá mì sókè àti sísàlẹ̀, bíárìn rẹ̀ ti jẹ. Iṣẹ́ yìí kọjá ti inú ilé. Wọ́n fi ẹ̀rọ alágbára tẹ kíráńkì yìí pọ̀ ni, ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló lè tú u, tó lè fi kọ́ńrọ́ọ̀dù tuntun sí i, tó sì lè tún un fi sójú ìlà. Ọ̀dọ̀ tọ́nà kan náà ni kí sìlíńdà lọ. Inú rẹ̀ jẹ́ irin, nítorí náà wọ́n lè rìbọ́ọ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì fi písítìnì tó tóbi díẹ̀ sí i. Kí a kọ́kọ́ ra písítìnì ná, kí a gbé e lọ fún tọ́nà, kó fi ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ gbẹ́ sìlíńdà. Tọ́nà tó bá gbẹ́ sìlíńdà láìrí písítìnì ń méfò ni.

Bíárìn kíráńkì tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí wọ́n kọ C3 sí lára. Àyè wà nínú rẹ̀ ju ti bíárìn lásán lọ, kó má baà fún pa bí ooru bá dé. Bí a ṣe ń fi í sáyè rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó ń fún èèyàn láyọ̀ gan-an. Bíárìn á sùn nínú fíríìsà mọ́jú. Àpótí kíráńkì á wọ inú ààrò, tí a fi sí bíi 100°C, títí tí ẹ̀kán omi tí a bá ta sí i lára yóò fi hó ṣàà. Bí a bá gbé bíárìn tútù sójú ihò rẹ̀ tó gbóná, á fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ wọlé, kò sí pé à ń lù ú. Kí a fi gírísì díẹ̀ pa ètè sílì kí kíráńkì tó wọ inú rẹ̀, kí a sì rí i pé apá tó ní sípíríìnì ló kọjú sí inú àpótí.

Ẹ̀rí wá kù. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ eléyìí, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé kì í ṣe é. Bí sìlíńdà bá ti wà níbi tó yẹ, fi rọ́bà dí ẹnu ibi tí kàbúrétọ̀ ń jókòó sí àti ẹnu ibi tí èéfín ń gbà jáde, kí o sì fi pọ́ńpù ọwọ́ tó ní gééjì fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. 6 psi ti tó. Bó bá pọ̀ jù, á ta sílì dànù. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ọwọ́ gééjì bá ń sọ̀ kalẹ̀, fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé: ìdí sìlíńdà, orí rẹ̀, ibi tí àpótí ti pàdé, ẹnu sílì. Ibi tó bá ń yọ ìfòfó ni afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìdánwò yìí kò ná èèyàn ní ohun tó pọ̀, ó sì ń gba písítìnì là.

Kàbúrétọ̀ Amal ló wà lára ọ̀pọ̀ Sherpa T, ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ náà kò sì parí síbẹ̀. Irin rẹ̀ rọ̀. Bí ẹnì kan bá ti fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù rí, ojú tó fi lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì á ti tẹ̀, àyè tín-ń-rín á wà láàárín. Gbé e lé orí gíláàsì tó tẹ́jú, kí o wo ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bó bá tẹ̀, fi sáńpépà tó kúnná tí a tẹ́ sórí gíláàsì yẹn fá a títí yóò fi tẹ́jú. Ìlẹ̀kùn róbótó inú rẹ̀ tí okùn ń fà sókè nígbà tí a bá ń fúnná náà máa ń jẹ, pàápàá bí eruku bá ti gba inú fìlítà kọjá. Afẹ́fẹ́ á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń fò sókè fò sódò nígbà tí a kò fúnná, tí kò gbọ́ súkúrúù kankan, ìlẹ̀kùn yẹn ni kí a fura sí. Ihò epo tó kéré jù, tó ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí a fúnná díẹ̀, ló ṣe pàtàkì jù nínú trials, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ń gùn ún fi ń lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ rẹ̀.

Ní ti iná, pọ́ìǹtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà lásán ni, lábẹ́ fìláíwíìlì. Fọ ojú pọ́ìǹtì, fi sí bíi mìlímítà 0.4, pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà. Bí iná ṣe máa tàn ní àkókò tó yẹ, gééjì tí a ti bọ ihò púlọ́ọ̀gì ni a fi ń wọn ibi tí písítìnì dé. Ìwé irú Sherpa rẹ ló máa sọ iye mìlímítà. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ gé fìláíwíìlì kù kí ẹ̀rọ lè yára. Ìwúwo rẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa yí jẹ́jẹ́ lórí àpáta láìkú.

Férémù ti yá wàyí. Wo ibi tí ìtẹ̀sẹ̀ ti so mọ́ ọn, ọrùn rẹ̀, àti ìdí apá tó gbé táyà ẹ̀yìn, bóyá wọ́n ti sán. Àwọn kan fẹ́ràn ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú ààrò, nítorí ó le, ó sì dán. Ọ̀dà lásán, tó fẹ́lẹ́, ni mo fara mọ́ ní tèmi. Férémù tó ti ń lu òkúta láti ogójì ọdún yóò tún sán níbì kan lọ́jọ́ kan, ọ̀dà fẹ́lẹ́ á sì tètè fi hàn, nígbà tí èyí tó nípọn lè bò ó mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀lù bíárìn ọrùn kò gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti jẹ. Ẹni tó ń sáré lè má mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ á rí i pé táyà iwájú fẹ́ràn ojú kan, kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ gidi wà nínú ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ọ̀pọ̀ aṣọ bíréèkì àti gásíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ni wọ́n fi asbestos ṣe, eruku rẹ̀ sì máa ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Kí a má fẹ́ ẹ dànù, kí a má sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a. Omi ni kí a fi rin ín, kí a fi àkísà nù ún, kí a di àkísà náà sínú ọ̀rá, kí a sì bo imú.

Ọ̀pọ̀ Sherpa T ló ní tánkì fáíbà, wàhálà tuntun sì ti dé bá a. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, epo tí wọ́n ń tà káàkiri ní Bìrìtìkó ni E10, tí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá 10 nínú 100. Ethanol máa ń rọ gọ́ọ̀mù tó di fáíbà pọ̀. Tánkì á máa wú, ọ̀dà rẹ̀ á hó, ohun tó ń yọ́ kúrò lára rẹ̀ á sì bá epo wọ kàbúrétọ̀, á lẹ̀ pa níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo tánkì náà gan-an ní láti wá epo tí kò ní ethanol, kó sì máa dà á jáde tán lẹ́yìn ìgùn kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó ra ti alumíníọ̀mù, kó sì tọ́jú ti àtijọ́ sínú ilé.

Táyà iwájú jẹ́ ínṣì 21, ti ẹ̀yìn 18. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú wọn kéré débi pé ó máa ya ẹni tó ń gun alùpùpù títì lẹ́nu, bíi 5 psi péré, kí rọ́bà lè tẹ́ sórí òkúta kó sì dì í mú. Ìdí nìyí tí bóòtù tó ń fún táyà mọ́ rímù fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Láìsí i, rímù á yí nínú táyà, á sì fa ẹnu tíúbù ya.

Ìwé ìgbà náà sábà máa ń ní kí a po lítà ọ́yẹ́lì kan mọ́ lítà epo 20 tàbí 25. Ọ́yẹ́lì òde òní dára ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì, ọ̀pọ̀ sì ń po ọ̀kan mọ́ 50. Ẹni tó bá yí ìwọ̀n yìí padà kó rántí pé ọ́yẹ́lì ń gba àyè epo: bó bá pọ̀ sí i, epo tó ń gba ihò kàbúrétọ̀ wọlé á dín kù. Kó pinnu ìwọ̀n kan kó tó tún kàbúrétọ̀ ṣe, kó má sì yí i mọ́. Ọ́yẹ́lì kílọ́ọ̀ṣì àti ti jíà kò pàdé ara wọn, ihò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, èyí tó fẹ́lẹ́ fún kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó nípọn fún jíà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá dún, kí a jẹ́ kó gbóná díẹ̀, kí a pa á, kí ó tutù pátápátá, kí a tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, kí písítìnì àti sìlíńdà lè mọ ara wọn. Kí a tún fún nọ́ọ̀tì orí sìlíńdà lẹ́yìn tó bá tutù. Lẹ́yìn èyí, gbé e lọ sí òkè kékeré kan, fi jíà kìíní gùn ún lọ sókè jẹ́jẹ́, kí o fúnná díẹ̀ péré, kí o pa á lójijì lókè, kí o sì yọ púlọ́ọ̀gì wò. Bó bá funfun, afẹ́fẹ́ ṣì pọ̀ jù, padà sí ibi omi ọṣẹ. Bó bá dúdú tó sì tutù, epo ló pọ̀. Àwọ̀ búráùn ni à ń wá. Sípóòkù á ti dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fún un. Ẹ da ọ́yẹ́lì jíà nù, kí ẹ wo bí irin bá wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdíje àwọn alùpùpù àtijọ́ oníṣọ́ọ̀kì méjì bí irú Sherpa T wà káàkiri Bìrìtìkó àti Sípéènì, ipò tó rọrùn sì máa ń wà níbẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.